Ta Ní Gbé Wọn Dé? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Àlàyé Bí Àwọn Ìbátan Edé Kéékèèké Ṣe Ń Dé Inú Omi Tuntun

Ìfáárà

Ní gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, oríṣiríṣi omi ló wà. Odò Ògbèsè wà níbẹ̀, ìsun wà, àbàtà wà, kànga wà, adágún tí àwọn ènìyàn gbẹ́ láti sin ẹja sì ń pọ̀ sí i. Lórí àwọn àpáta ńláńlá bí irú Olósùnta àti Òròlé ní Ìkẹ́rẹ́, omi òjò a máa dúró nínú kòtò ojú àpáta, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a sì fà á gbẹ. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ kò ní odò tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, káàkiri ilẹ̀ olóoru, kì í pẹ́ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò tí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọn kì í ṣe tanwíjí. Ẹbí edé àti akàn ni wọ́n: ara wọn ní èèpo, ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé, inú omi ni wọ́n sì ti ń lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn.

Ta ní gbé wọn dé ibẹ̀? Àwọn kan ní òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀, àwọn mìíràn ní ẹyẹ ni, àwọn mìíràn sì ní afẹ́fẹ́ ni. Ti òjò kò gba àsọgùn, nítorí pé omi tí oòrùn fà sókè kì í fa ẹ̀dá abẹ̀mí mọ́ra. Bí ohunkóhun bá bá òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ ló ti kọ́kọ́ gbé e. Ti ẹyẹ àti ti afẹ́fẹ́ ló gba àyẹ̀wò. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ìtàn náà. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn náà ń fi ọlá fún ohun tí ojú tètè ń rí, ìyẹn ẹyẹ tí ń fò àti ìjì tí ń jà, ó sì ń fojú fo ẹyin tí ó dákẹ́ sínú ẹrẹ̀ àti ènìyàn tí ó gbé garawa. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn inú ìwé, nítorí pé inú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ni sòbìà ń gbà wọ ara ènìyàn.

Orúkọ wọn pàápàá jẹ́ ìṣòro. Yorùbá ní edé, ó ní akàn, ṣùgbọ́n èyí tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ká kò ní orúkọ tí ó wọ́pọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan ní Daphnia, wọ́n ń pe òmíràn ní Cyclops. Cyclops gba orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ òmìrán olójú kan inú ìtàn àwọn Gíríìkì, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni òun náà ní. “Ìbátan edé” ni orúkọ tí yóò dúró fún gbogbo wọn níhìn-ín. Ó sàn ju “kòkòrò omi” lọ, nítorí pé tanwíjí gan-an ni kòkòrò, ọ̀nà tí òun sì ń gbà dé inú omi kò fara sin: ìyá rẹ̀ fi ìyẹ́ ara rẹ̀ fò wá yé e síbẹ̀ ni. Ìbátan edé kò ní ìyẹ́.

Ìtàn ẹyẹ

Nínú ìwé tí Charles Darwin tẹ̀ jáde ní 1859 lórí orísun àwọn ẹ̀yà ohun abẹ̀mí, ó sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò kan tí àwọn òǹkọ̀wé kò yé tọ́ka sí láti ìgbà náà. Ó fi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kọ́ sínú omi tí ẹyin ìgbín omi ti ń pa. Àwọn ọmọ ìgbín náà rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ yìí, wọ́n sì dì mọ́ ọn pinpin nígbà tí ó yọ ọ́ jáde. Wọ́n wà láàyè nínú afẹ́fẹ́ tútù fún wákàtí 12 sí 20. Darwin ṣírò rẹ̀ pé láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ lè fò tó 600 tàbí 700 máìlì.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ibi yìí yóò rí i pé ìgbín ni Darwin lò, kì í ṣe ìbátan edé. Yóò tún rí i pé orí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni gbogbo ẹ̀rí náà dúró lé: ẹyẹ lè fò, ọmọ ìgbín lè wà láàyè, ó lè jábọ́ sínú omi mìíràn. Darwin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé “lè” ni òun sọ. Àwọn tí ó gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ “lè” di “máa ń”. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré nínú gírámà Yorùbá: ọ̀kan ń tọ́ka sí agbára, èkejì ń tọ́ka sí ìṣe. Ẹni tí ó lè jalè kì í ṣe olè.

Ẹ̀rí tí ó lágbára ju ti Darwin lọ wà. Ní 1964, Vernon Proctor fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ẹyin àwọn ìbátan edé kan lè gba inú ìfun pẹ́pẹ́yẹ kọjá, kí ó bá ìgbẹ́ jáde, kí ó sì tún pa. Ìdánwò yìí dára, nítorí pé ìbátan edé gan-an ni ó kàn, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ikùn, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò ti lè pa ohun tí a gbé. Ṣùgbọ́n “lè” ni ó ṣì jẹ́. Jenkins àti Underwood ló bèèrè ti “máa ń”. Ní 1998 wọ́n tẹ àbájáde ohun tí wọ́n wá nínú afẹ́fẹ́, nínú òjò àti lára àwọn ẹyẹ omi jáde. Ohun tí ó wọ ọwọ́ wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má rọrùn fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí tó bí ìwé ti ń wí. Ẹ̀wẹ̀, Louette àti De Meester yẹ àwọn adágún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù wò, wọ́n sì kọ ní 2005 pé àwọn ìbátan Daphnia tètè dé inú wọn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Iṣẹ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn tó bí ó ti jọ lójú. Ọ̀kan wo ojú ọ̀nà, kò rí èrò púpọ̀. Èkejì wo inú ilé, ó bá àlejò. Ẹni tí ó bá àlejò nínú ilé kò tíì mọ ẹni tí ó mú un wá, bí ó ti wù kí ẹyẹ pọ̀ tó lórí òrùlé. Ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn ẹyẹ ṣàlàyé omi Èkìtì kọ́kọ́ sọ irú ẹyẹ tí ó ní lọ́kàn. Lékeléke ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n lékeléke tí ń tọ màlúù lẹ́yìn nínú pápá kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ omi.

Ẹyin tí ń dúró

Nígbà tí omi bá tó, tí oúnjẹ sì wà, abo Daphnia a máa bímọ láìsí akọ. Bí omi bá ń fà, tàbí tí èrò bá pọ̀ jù, akọ a yọ jáde, abo a sì yé irú ẹyin mìíràn tí èèpo líle bò. Àwọn onímọ̀ pe èèpo náà ní gàárì, nítorí pé ẹ̀yìn ìyá ni ó ń wà bí gàárì ti ń wà lẹ́yìn ẹṣin. Bí omi bá gbẹ, ìyá a kú. Gàárì a wà nínú ẹrẹ̀ tí ó ti di eruku.

Agbára irú ẹyin báyìí ya ènìyàn lẹ́nu. Ní 1968, Carlisle kọ nípa ẹyin Triops, ìbátan edé kan tí ń gbé inú omi òjò aṣálẹ̀ ní Sudan, pé nígbà tí ó bá gbẹ, ooru tí ó sún mọ́ ti omi híhó kò pa á. Ṣáájú èyí, G. O. Sars ní Norway ti ń gba ẹrẹ̀ gbígbẹ láti òkèèrè. Ó ń da omi sí i, ó sì ń wo ohun tí yóò jí nínú rẹ̀. Ní 1885 ó tẹ iṣẹ́ jáde lórí àwọn tí ó jí nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó pè ní Daphnia lumholtzi, ní ìrántí Carl Lumholtz, arìnrìn-àjò tí ó kó ẹrẹ̀ náà. Àwọn tí ń tọ́ka sí iṣẹ́ Sars ń yìn ín fún orúkọ tí ó fún àwọn ẹ̀dá náà. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ìdánwò ìrìn-àjò ni iṣẹ́ náà jẹ́: ìbátan edé ti Ọsirélíà dé Norway láìsí ẹyẹ, láìsí ìjì. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e, ènìyàn ló dì í lẹ́rù.

Ti àpáta ni ó yẹ kí ó kàn. Ní òkè Korannaberg ní Gúúsù Áfíríkà, Vanschoenwinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ẹyin láàárín àwọn kòtò orí àpáta, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbé ẹyin láti kòtò tí ó ti gbẹ, àti pé omi tí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbé e láti kòtò kan sí èkejì. Níhìn-ín, “máa ń” ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n láti kòtò dé kòtò lórí àpáta kan náà ni. Kì í ṣe láti Olósùnta dé òkè mìíràn ní ìlú mìíràn. Ní ti àpáta Nàìjíríà, H. E. Hinton kọ ní 1951 nípa ìdin kòkòrò kan láti inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ tí ó lè gbẹ ráúráú kí ó sì tún jí nígbà tí omi bá kàn án. Kòkòrò ni ìyẹn, kì í ṣe ìbátan edé, ṣùgbọ́n ó fi irú ìwà tí kòtò orí àpáta ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ hàn.

Ẹni tí ó bá rí ìbátan edé nínú kòtò orí àpáta ní oṣù kẹrin, tí ó sì bèèrè ẹni tí ó gbé e dé, ó lè jẹ́ pé ìbéèrè tí kò tọ́ ni ó bèèrè. Kò dé, ó jí ni. Ìtàn ẹyẹ sọ àìmọye ìjí di ìdé.

Dídé àti ìtẹ̀dó

Èdè Yorùbá ya dídé sọ́tọ̀ kúrò lára ìtẹ̀dó. Ọdẹ lè dé igbó kan lẹ́ẹ̀mẹwàá láìtẹ ibẹ̀ dó. Ní 2002, De Meester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àbá kan tí ó bá ìyàtọ̀ yìí mu. Wọ́n ní àwọn tí ó kọ́kọ́ dé inú omi máa ń tètè pọ̀, wọ́n ń bá ibẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń kó ẹyin jọ sínú ẹrẹ̀ rẹ̀, débi pé ẹni tí ó dé lẹ́yìn kì í rí àyè, bí ó tilẹ̀ ń dé lójoojúmọ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, iye ẹyin tí ẹyẹ gbé kò lè sọ iye tí yóò tẹ̀dó.

Àbá yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n onílẹ̀ kì í fìgbà gbogbo borí nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìkẹ́rẹ́ nípa Olúkẹ́rẹ́ tí a bá nílẹ̀ àti Ògògà tí ó dé lẹ́yìn kò ti parí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a bá nílẹ̀. (Àríyànjiyàn tí ó wà lórí ìtàn náà kò kan iṣẹ́ yìí.) Adágún Naivasha ní Kenya jẹ́ ẹ̀rí. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n kó ẹja kan láti Amẹ́ríkà wá síbẹ̀ kí àwọn òyìnbó lè máa fi ìwọ̀ pa á ṣeré. Mergeay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà, wọ́n yẹ ẹyin tí ó wà nínú rẹ̀ wò ní ìpele ìpele, wọ́n sì kọ ní 2006 pé irú Daphnia kan láti Amẹ́ríkà, tí ń bímọ láìsí akọ, dé ní ìgbà tí ẹja náà dé. Ó lé ìbátan rẹ̀ tí ó jẹ́ onílẹ̀ kúrò, ìran kan ṣoṣo náà sì ti tàn kálẹ̀ nínú àwọn omi mìíràn ní Áfíríkà.

Ìrìn náà kò mọ sí ọ̀nà kan. Daphnia lumholtzi kan náà tí Sars jí dìde nínú ẹrẹ̀ Ọsirélíà wà ní Áfíríkà pẹ̀lú. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i nínú adágún ìsédò kan ní Texas ní 1991. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé ó bá ẹja ńlá kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà. Àìmọye ẹgbẹ̀rún ọdún ni ẹyẹ ti ń fò, kò sì sí ẹ̀rí pé ẹ̀dá yìí tẹ Amẹ́ríkà dó kí ènìyàn tó kó ẹja débẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gúúsù Èkìtì ni ọmọ ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń rà láti ìlú mìíràn wá sínú adágún. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń gbé e, pẹ̀lú omi ibi tí wọ́n ti pa á. Olówó ka ọmọ ẹja kí ó tó sanwó. Kò sí ẹni tí ń ka ohun tí ó wà nínú omi náà.

Sòbìà

Gbogbo ohun tí ó ṣáájú lè jọ àríyànjiyàn àwọn tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ti sòbìà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wọ omi, sòbìà a tu ọmọ sínú omi náà. Cyclops a gbé ọmọ yìí mì. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbó tó láti ran ènìyàn. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé Cyclops mì, ọmọ sòbìà a sì kù sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, abo sòbìà tí ó lè gùn tó mítà kan a wú jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Fedchenko ará Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ rí ipa Cyclops nínú ọ̀rọ̀ yìí ní 1870. Robert Leiper, tí wọ́n rán lọ sí Gold Coast, Gánà òde òní, ní 1905, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Òwe Yorùbá kan sọ pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là ń ké sí. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà ṣi òwe yìí kà. Àwọn kan ń lò ó láti fi hàn pé àwọn baba ńlá ti mọ ohun gbogbo nípa àrùn náà. Àwọn mìíràn ń lò ó láti fi hàn pé wọn kò mọ nǹkan kan, nítorí pé kò mẹ́nu ba omi. Òwe kì í ṣe ìwé ìṣègùn, ẹsẹ̀ ni òwe yìí sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe odò. Ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ wà nínú “bí yóò bá”. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àkókò: ìgbà tí ó wú ṣùgbọ́n tí kò tíì degbò. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn tí ó gbógun ti sòbìà ní òpin ọ̀rúndún ogún wá gbé iṣẹ́ wọn lé. Òfin wọn ni pé kí wọ́n rí aláìsàn láàárín wákàtí 24 tí sòbìà bá yọ, kí wọ́n di ojú rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó wọ omi.

Sanya Onabamiro, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹyọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ní 1951 ó kọ nípa bí sòbìà ṣe ń ràn ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1952 ó kọ nípa ibi tí oríṣiríṣi Cyclops wà ní Nàìjíríà àti irú omi tí wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gbogbo Cyclops kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọgbọọgba. Èyí tí ó ń jẹ́ Thermocyclops nigerianus ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà. Ní 1954 ó kọ nípa lílọ sókè sódò Cyclops tí ó ti gbé ọmọ sòbìà mì. Ó rí i pé ìsàlẹ̀ omi ni irú wọn ń fà sí. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pọn omi ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igbá ń ha ẹrẹ̀, yóò mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì.

Ohun tí kíkà Onabamiro ń kọ́ lámèyítọ́ ni pé Cyclops kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e wá. Ó ti wà nínú omi. Ohun tí ń rìn ni sòbìà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó sì fi ń rìn. Ẹni tí ó mu omi lóko lè wà ní ìlú mìíràn pátápátá ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú. Ọ̀nà odò ìlú náà ni yóò sì gbà. Pípe Cyclops ní “kòkòrò sòbìà”, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìlera kan ti ń ṣe, ń da ilé pọ̀ mọ́ ẹni tí ó wọ̀ sínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ náà ló so èso. Nígbà tí wọ́n wá sòbìà kiri gbogbo Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Èkìtì jẹ́ ara rẹ̀ títí di 1996, wà lára ibi tí ó ti jà. Asẹ́ dé, kànga ẹ̀rọ dé, wọ́n da oògùn Abate sínú àwọn adágún kan láti dín Cyclops kù, àwọn ará abúlé sì ń ṣọ́ aláìsàn. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enúgu. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Cyclops kò kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé dídá ìrìn ìbátan edé dúró ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé, wọn ìbá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní Chad, tí ó bá Nàìjíríà pààlà ní àríwá ìlà-oòrùn, wọ́n tún rí sòbìà ní 2010, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí wọn kò gbúròó rẹ̀, láti 2012 sì ni wọ́n ti ń rí i lára ajá. Ajá kì í gbọ́ òfin wákàtí 24. Ojú omi Èkìtì ṣì kún fún Cyclops, kẹ́ẹ̀gì ọmọ ẹja sì ń dé láti ìlú dé ìlú.